Ìjàpá bàbá mi: ṣé funfun tó bá wá ni kí n kùn ún, àbí àwọ̀ ewé obì?

Ọmọ Tíṣà Ìkéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti kun mọ́tò àtijọ́ rí, ẹ bá mi dá sí i kí n tó ná owó tí kò ní ṣeé gbà padà.

Fọ́kísì ni mọ́tò náà, ìjàpá 1300, tí bàbá mi rà ní tuntun ní 1975, ọdún tí wọ́n bí mi gan-an. Tíṣà ni bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ á rántí pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni owó Udoji jáde, tí ìjọba fi kún owó oṣù tí wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn fi tirẹ̀ parí ilé, ẹlòmíràn fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá mi fi tirẹ̀ ra ìjàpá funfun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀. Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ tíṣà rà, funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1983, wọ́n ṣe ìpàdé kan ní Adó. Nígbà tí bàbá mi máa jáde, mọ́tò rẹ̀ ti lọ. Ìjàpá funfun kan ló wà níbẹ̀, tí ìwé àwọn ọmọ iléèwé ẹlòmíràn kún ẹ̀yìn rẹ̀. Tíṣà kan láti Ìjerò ló ti ki kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bọ ilẹ̀kùn mọ́tò bàbá mi. Ihò kọ́kọ́rọ́ ti jẹ, ó ṣí, ó ṣíná, ó wà á lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí ara wọn.

Bàbá mi ò bínú. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn náà ló já ewé kan lára igi obì ẹ̀yìnkùlé wa, ó mú un tọ pẹ́ńtà kan lọ ní Ìkéré níbí, ó ní, "Àwọ̀ yìí ni kí o bá mi kùn ún." Èmi ni mo tẹ̀lé e. Pẹ́ńtà náà tẹ́ ewé sórí páálí, ó ń po ọ̀dà nínú agolo mílíìkì, ó ń fi ìka kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé. Ó gbé e sí oòrùn, ó wò ó. Ó gbé e sábẹ́ òjìji, ó tún wò ó. Ó fi díẹ̀ kún un, ó tún kán òmíràn. Ó pẹ́ débi pé ewé náà rọ, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, bàbá mi bá ní kí n sáré lọ ilé lọ já òmíràn wá. Mo sáré náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Tíṣà Ewé Obì, títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ó kú ní 2009. Abẹ́ tàpólìn lẹ́yìn ilé ni mọ́tò wà títí di ọdún tó kọjá tí mo gbé e lọ fún panẹ́bítà. Ojú mi rí nǹkan. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá máa ń wà, ásíìdì sì ti jẹ irin ibẹ̀ débi pé mo na ọwọ́ láti inú mọ́tò, mo kan ilẹ̀. Ibi tí sípéà táyà ń jókòó níwájú náà ti dípẹtà. A ti gé gbogbo ìyẹn kúrò, a ti jó irin tuntun sí i. Ọ̀dà ló kù.

Nígbà tí a yọ sípéà táyà yẹn ni a rí bébà pélébé kan lẹ́yìn rẹ̀. L90D ni wọ́n kọ sí i. Nọ́ńbà ọ̀dà Volkswagen nìyẹn, funfun tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Pastellweiß. Kì í ṣe funfun báláú bíi ti aṣọ nọ́ọ̀sì o, ó fi díẹ̀ sún mọ́ àwọ̀ wàrà. Mo wá fi sánpépà 600 àti omi ha ojú kan tí kò ju owó kọ́bọ̀ lọ lára mọ́gáàdì ẹ̀yìn, mo fi 1200 dán an. Òrùka ló yọ síta, ọ̀kan nínú ìkejì, bí ìgbà tí wọ́n bá gé igi: ewé obì lókè, àwọ̀ eérú tẹ̀ lé e, funfun, eérú míì, irin. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mò ń wo òrùka yẹn. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ilé wa wá pín sí mẹ́ta. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ní funfun ni, pé mọ́tò àtijọ́ tí kò bá ti sí ní àwọ̀ tó bá wá, ẹni tó mọ ohun tó ń rà kò ní wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tí kì í bá ti í ṣe ewé obì, òun ò ní wọ inú rẹ̀ láéláé. Ọmọ mi tó jẹ́ ẹni ọdún 22 ní ká kùn ún ní eérú tí kò dán, pẹ̀lú wíìlì dúdú. Ó tilẹ̀ ti ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, ó sì rẹwà, mi ò lè parọ́.

Mi ò fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bà á jẹ́ náà. Èwo gan-an ni ká pè ní àwọ̀ rẹ̀: èyí tó bá wá ni, àbí èyí tí gbogbo Ìkéré fi mọ̀ ọ́n? Tó bá sì jẹ́ ewé obì, báwo ni n ó ṣe rí i pò? Kò ní nọ́ńbà kankan, pẹ́ńtà náà sì ti kú.

---

Akunkọ̀ Ajílósùn

Ọmọ Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ohun bàbá. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kun mọ́tò ní Adó níbí. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ èwo ló dára sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lára rẹ̀.

Ẹ rẹ àkísà funfun sínú tínà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi kọ́lọ́fín kan lára àwọ̀ ewé yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá yọ́ tó bá àkísà wá, sẹ́lúlóòsì ni, irú ọ̀dà tí tínà ń tú. Tó bá súnkì tó wú bí awọ tí omi gbígbóná dà sí, ọ̀dà olóròóró tó ń fúnra rẹ̀ gbẹ nìyẹn. Tí ẹ bá wá fín sẹ́lúlóòsì lé irú èyí lórí, gbogbo rẹ̀ á gbéra nílẹ̀ lójú yín. Tí tínà ò bá ṣe é ní nǹkan kan, a jẹ́ pé èyí tí wọ́n fi iná yan ní ilé-iṣẹ́ ni, tàbí èyí tí wọ́n po hádínà mọ́, ohun tó ń mú kí ọ̀dà le. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ha ara ìta rẹ̀ dé irin. Ọ̀dà tó bá ti nípọn jù máa ń là bí ẹrẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ tú mọ́gáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bẹ̀ yín ni. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín mọ́gáàdì àti ara ìjàpá. Àwọn tó ń kánjú á fín ọ̀dà gba orí rẹ̀ kọjá. Tí mọ́tò bá ti já sí kòtò méjì mẹ́ta, ọ̀dà á là níbẹ̀, omi á gbabẹ̀ wọlé, owó tí ẹ ná sí irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnu ilẹ̀kùn àti ibi tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Ṣé pẹ́ńtà bàbá yín kùn ún dé ibẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ yí àwọ̀ mọ́tò padà pátápátá, ó gbọ́dọ̀ yọ ẹ́ńjìnnì. Ti ìjàpá ò le, bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé mo gbọ́ ọ, mo sì fẹ́ràn ojú tó fi wo nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí kò dán kò ṣeé fi pọ́líìṣì ra. Tí ewúrẹ́ bá fi ìwo ha á lára, ẹ ò lè rà á pa, odindi ilẹ̀kùn yẹn lẹ ó tún kùn. Oní-mẹ̀tálíìkì, ọ̀dà tó ní èérún irin tó ń dán nínú, náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ìwọ̀n atẹ́gùn inú gọ́ọ̀nù tí a fi ń fín ọ̀dà àti bí ọwọ́ ṣe jìnnà sí mọ́tò ló ń sọ bí àwọn èérún rẹ̀ ṣe máa sùn, torí náà tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ lójú kan lọ́dún mẹ́ta òní, ojú ibẹ̀ á yàtọ̀. Funfun lásán àti ewé lásán, méjèèjì ló ṣeé tún ṣe.

Àkókò ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín sẹ́lúlóòsì sí i fún yín nínú òjò. Tínà tó ń yára fẹ́ á mú kí ojú irin tutù, ìrì inú afẹ́fẹ́ á bà lé e, ọ̀dà á funfun lójú bí ẹni da ẹ̀kọ sí i. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, eruku ni. Láàárín ìgbà tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró àti ìgbà tí ọyẹ́ máa dé, bí oṣù kọkànlá, ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn jù ní Èkìtì. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kùtù kí eruku tó jí.

Ohun kan ṣì kù, mi ò sì ní fi ṣeré. Tó bá jẹ́ èyí tó ní hádínà lẹ fẹ́ lò, ẹ bi pẹ́ńtà yín pé kí ló máa fi bo imú. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú hádínà yẹn, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Háńkáṣíìfù ò dá a dúró. Èmi àti ẹnìkan la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà; lónìí, tó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́fà, ó gbọ́dọ̀ jókòó. A ò mọ̀ nígbà yẹn.

---

Ìyá Oníjàpá, Ìlawẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Akunkọ̀ ti sọ òótọ́. Ọmọ Tíṣà, ẹ má bínú sí mi, funfun ni èmi ń tẹ̀ sí. Ìjàpá 1972 ni tèmi, mo sì dá a padà sí àwọ̀ tó bá wá. Ó máa ń dùn mọ́ mi nígbà tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí inú àti ìta jẹ́ ohun kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé tí nọ́ńbà bá ti wà, iṣẹ́ ti parí. Ibi tí mo ti po tèmi, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀dà, wọ́n dì í fún mi. A fín in. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán tàn sí i, búlúù ló ń yọ lábẹ́ funfun náà! Ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mi tí oòrùn ò dé rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó. Ẹ̀kejì, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fín in sórí páálí, mo sì gbé páálí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ kí n tó gbà pé òun ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, mo fi ẹ̀bẹ̀ kan síwájú yín. Ọ̀dà tuntun, ìgbàkúùgbà lẹ lè yí i padà. Ọ̀dà tí wọ́n yan mọ́ ọn lára ní 1975, tí ẹ bá ti ha á tán, kò sí ẹni tó lè dá a padà fún yín mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó ṣe é. Torí náà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, inú búùtù iwájú, ibi tí bébà L90D wà, ẹ má jẹ́ kí sánpépà kankan dé ibẹ̀.

---

Ará Ọ̀tùn ní Jámánì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀tùn-Èkìtì ni ilé mi, Stuttgart ni mò ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti bí ìjàpá.

Mọ́tò tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún níbí lè gba nọ́ńbà tí wọ́n fi lẹ́tà H parí, tó túmọ̀ sí pé ó ti di ohun ìtàn. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó fún un. Tí wọ́n bá rí ohun tí ẹni tó ni ín yí padà lára rẹ̀, wọn kì í sáré ta á nù. Ìgbà wo ni wọ́n yí i padà ni wọ́n máa ń béèrè. Àyípadà tó bá ti wáyé láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí mọ́tò dé ojú títì, wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ara ìtàn mọ́tò náà. Ọmọ Tíṣà, 1975 ni bàbá yín rà á, 1983 ni wọ́n kùn ún. Ọdún mẹ́jọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Olórin Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Janis Joplin. Ó ra Porsche 356 tí wọ́n ṣe ní 1964, ó ní kí Dave Richards tó ń bá a ṣiṣẹ́ ya àwòrán sí gbogbo ara rẹ̀: òkè, labalábá, ojú èèyàn, oríṣiríṣi àwọ̀. Janis kú ní 1970. Nígbà tó yá, wọ́n kun mọ́tò náà padà sí eérú tó bá wá láti ilé-iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, ẹbí rẹ̀ yí èrò padà. Ní nǹkan bí 1990 sókè, wọ́n wá ayàwòrán, wọ́n ní kí wọ́n wo fọ́tò àtijọ́ kí wọ́n dá gbogbo àwòrán yẹn padà síbi tó wà. Ní 2015, wọ́n ta mọ́tò náà ní mílíọ̀nù 1.76 dọ́là. Eérú yẹn bá òfin ilé-iṣẹ́ mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rí i kò lè mọ̀ pé mọ́tò Janis ni.

Ní tèmi o, ewé obì. Eérú tí ọmọ yín fẹ́, kí ó fi pamọ́ de mọ́tò tirẹ̀.

---

Ọmọ Adó gidi

Ẹ wo pátíkúlà mọ́tò náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Àwọ̀ wà níbẹ̀. Tí èyí tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lára mọ́tò, àlàyé lẹ ó máa ṣe fún gbogbo ọlọ́pàá láti Ìkéré dé Adó. Tí ẹ bá máa yí i padà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé mọ́tò kí wọ́n tún un kọ.

---

Ọmọ Tíṣà Ìkéré

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ ní àkàtúnkà.

Ọmọ Adó, mo tú àpótí ìwé bàbá mi. Ìwé ọkọ̀ 1976 kọ funfun. Ti 1984 kọ ewé, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ó ti lọ tún un ṣe nígbà yẹn, mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Akunkọ̀, pẹ́ńtà yẹn ò kun inú. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì funfun, ibi ẹ́ńjìnnì funfun. Mo sì ti fi tínà dán an wò: sẹ́lúlóòsì ni, ó yọ́ sára àkísà mi. Mi ò fọ àkísà náà.

Lálẹ́ àná, mo gbé páálí mẹ́ta síwájú ìyá mi, ọ̀kan funfun, méjì aláwọ̀ ewé tí mo ní kí wọ́n pò láti ara bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ríran. Wọn ò wo funfun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé àwọn ewé náà sún mọ́ iná, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Méjèèjì ti pọ́n jù. Ti bàbá rẹ dúdú jù báyìí lọ." Mo ní bọ́yá wọ́n gbàgbé. Wọ́n ní àwọn ò lè gbàgbé, pé mọ́tò yẹn ló gbé àwọn lọ sí Adó lọ bí àbúrò mi ní 1985, òun kan náà ló sì gbé ọmọ náà wọ ilé.

Láàárọ̀ yìí ni mo tú àwo tó bo iná nọ́ńbà lẹ́yìn. Oòrùn ò dé abẹ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún. Ewé tó wà níbẹ̀ dúdú ju ti bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ dáadáa. Ìyá mi ló jàre. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo rò pé mo ń wò ti ṣá.

Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kánádà, mo sì sọ ohun tí ìyá wa sọ nípa 1985 fún un. Kò tíì fèsì nípa àwọ̀. Rọ́bà mọ́gáàdì ló béèrè pé iye wo ni, pé òun á rà á.

Torí náà: ewé obì níta, ewé ti abẹ́ iná nọ́ńbà yẹn. Inú á wà ní funfun rẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá Oníjàpá, sánpépà ò ní dé ibẹ̀, mo ṣèlérí fún yín. Ẹ̀gbọ́n Akunkọ̀, ṣé àyè á wà lọ́dọ̀ yín ní oṣù kọkànlá?

---

Akunkọ̀ Ajílósùn

Àyè wà. Ẹ gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má fi pọ́líìṣì tó ní sílíkónù kankan nù ún kí ẹ tó dé, ó máa ń jẹ́ kí ọ̀dà sá kúrò lójú irin bí ojú ẹja. Ẹ tú àwo iná nọ́ńbà yẹn dání wá kí n rí abẹ́ rẹ̀ fúnra mi.

Kí ẹ sì já ewé obì wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ já méjì.